Látorí WAEC dé yunifásítì: ohun tó yẹ kí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ní Ọ̀fà

Ìbéèrè kan wà tó máa ń gba orí fóònù wa lọ́dọọdún, bí ìdánwò WAEC bá ti ń parí lọ: "Ọmọ mi ti ń jáde girama o, kí ló kàn?"

Lọ́dún kan, bàbá kan pè wá lórí afẹ́fẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gba 254 nínú JAMB, ó sì ní kírédíìtì méje nínú WAEC. Ẹni tó bá gbọ́ èsì yẹn, á ní kí bàbá náà tètè lọ ra mínírà kalẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rí ilé ẹ̀kọ́ kankan wọ̀ lọ́dún náà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, èsì WAEC rẹ̀ kò tíì jáde, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣì ń retí èsì. Nígbà tí èsì jáde, kò sẹ́ni tó rántí padà lọ gbé e sórí ìkànnì JAMB. Gbogbo ilé rò pé JAMB á rí i fúnra wọn. Bí ọdún kan gbáko ṣe lọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìdí tí a fi kọ àlàyé yìí nìyí. Kéèyàn yege lọ́tọ̀, kéèyàn rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọpọlọ wọn pé, kì í ṣe ìdánwò ló gbé wọn ṣubú, ìgbésẹ̀ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò là yé wọn ni. Ìlú oníjàkadì ni ìlú wa, ẹ sì mọ̀ pé nínú ìjàkadì, kì í ṣe ẹni tó lágbára jù ló máa ń dá ẹnìkejì, bí kò ṣe ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Nígbà tí Offa Grammar School bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1943, kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ti Ìbàdàn, tó jẹ́ àkọ́kọ́, ọdún 1948 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ lọ́dún 1975. Federal Polytechnic wọ Ọ̀fà lọ́dún 1992. KWASU tó wà ní Màlété dé lọ́dún 2009. Nígbà tó sì di ọdún 2015, Summit University, tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen dá sílẹ̀, gba ìwé àṣẹ nínú ìlú wa níbí.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti wá bá wa dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń du ẹnu ọ̀nà náà pọ̀. Lọ́dún 2025, àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò JAMB jákèjádò orílẹ̀-èdè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Nínú èsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni kò gba tó 200 nínú 400. Ẹni tó bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kúrò láàárín èrò, kò wá yẹ kí ìwé kan ṣoṣo tí wọn kò gbé sókè dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: WAEC àti NECO

Kírédíìtì márùn-ún ni gbogbo yunifásítì máa ń béèrè kí wọ́n tó wo nǹkan mìíràn. A1, B2, B3, C4, C5 àti C6 ni wọ́n ń kà sí kírédíìtì. D7 àti E8 kì í ṣe fèlì, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé èèyàn wọ yunifásítì. F9 ni fèlì gan-an.

Kì í kàn ṣe kírédíìtì márùn-ún èyí tó wù wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ kà ń béèrè. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà tó ní A nínú Yorùbá, A nínú Geography, àmọ́ tó ní D7 nínú Chemistry, ilẹ̀kùn Medicine ti tì mọ́ ọn títí yóò fi tún Chemistry ṣe.

Kírédíìtì nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì. Ní ti Ìṣirò, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn tó fẹ́ ka kọ́ọ̀sì Arts ní yunifásítì. Inú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àmọ́ ẹ má tíì sọ ìwé Ìṣirò nù o. Ìjọba náà ló tún là á yé aráyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un nínú ìdánwò àṣejáde. Kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti Social Sciences ṣì ń béèrè rẹ̀. Ọmọ tó bá sì ní kírédíìtì Ìṣirò lọ́wọ́, ilẹ̀kùn tó lè kàn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

NECO, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, kò kéré sí WAEC. Bí agbára bá ká a, kí ọmọ ṣe méjèèjì lọ́dún kan náà. Bí iṣẹ́ kan bá bàjẹ́ nínú ọ̀kan, èkejì lè gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba èsì ìjókòó méjì papọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ míì máa ń sọ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́. Ẹ wádìí ìyẹn kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹni tí nǹkan kò bá bọ́ sí i, WAEC tún ní ìdánwò ti àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́, èyí tí àwọn èèyàn wa ṣì ń pè ní GCE. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Orúkọ àti NIN

Ibí yìí ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Láìsí NIN, kò sí JAMB. Orúkọ tó wà lórí NIN ni JAMB yóò gbé. Bí NIN bá ní "Sherifat", tí WAEC ní "Sharafat", tí ìwé ọjọ́ ìbí sì tún ní òmíràn, ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Ìpàdé tí JAMB ṣe pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 2025 fi ọdún 16 ṣe ọjọ́ orí tó kéré jù láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Òbí tó bá ti fi kún ọjọ́ orí ọmọ tàbí tó dín in kù nígbà kan rí, àsìkò yìí ni yóò mọ̀ pé òun ti dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣe é báyìí: bí ọmọ bá ti wọ SS2, ẹ kó NIN, ìwé ọjọ́ ìbí àti orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí WAEC sójú kan, kí ẹ fi wọ́n wéra. Bí àtúnṣe bá wà, ọ̀dọ̀ NIMC ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe ti NIN, nítorí JAMB kò ní bá yín yí i padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ yóò fi nọ́ńbà NIN náà ránṣẹ́ sí 55019 látorí fóònù, wọn yóò sì fi kóòdù kan ránṣẹ́ padà. Kóòdù yẹn ló máa mú lọ síbi ìforúkọsílẹ̀. Síìmù tó bá lò níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ JAMB yóò máa gbà wọlé, torí náà kí ó jẹ́ síìmù ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lọ sí Èkó lọ́la. Ímeèlì náà, òun ni kó ṣí i, kó sì kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fọ́ọ̀mù JAMB

Ibùdó CBT tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, níbi tí wọn yóò ti ya àwòrán ọmọ, tí wọn yóò sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá ọmọ yín ṣe é nílé, ẹ sá fún un.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò ṣe, Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn. Mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì mu. Fún Medicine àti Nursing, Biology, Chemistry àti Physics ni. Fún Accounting, Ìṣirò àti Economics gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Fún Law, iṣẹ́ Arts tàbí Social Sciences ni, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì máa ń fẹ́ Literature. Ọmọ tó bá gba 300 pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò bá kọ́ọ̀sì mu, bí ẹni tó gbé owó ilẹ̀ òkèèrè lọ sọ́jà Ọ̀fà ni: owó ni lóòótọ́, kò lè ná an níbẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tó to ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Kí ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ kó tó jókòó síwájú ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Yíyan ilé ẹ̀kọ́: àlá àti ìṣirò

Níbí ni òbí àti ọmọ ti máa ń ta kora. Bàbá fẹ́ Medicine, ọmọ fẹ́ Mass Communication. Màmá fẹ́ Ìlọrin kó lè máa fi oúnjẹ ránṣẹ́, ọmọ fẹ́ Èkó kó lè rímú mí. Ẹ jókòó sọ ọ́ kí ìforúkọsílẹ̀ tó dé. Ẹni tó máa fi ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́fà kà á ló yẹ kí ohùn rẹ̀ wúwo jù.

Ẹ tún mọ èyí pé ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé 45 nínú 100 àyè wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù láìwo ibi tí wọ́n ti wá. 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká. 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gbilẹ̀ tó. Kwara wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ ìkẹyìn yìí. Èyí já sí pé ọmọ Ọ̀fà tó bá ń lọ sí Ìlọrin lè jẹ àǹfààní agbègbè, bó bá sì lọ jìnnà, ọ̀nà kan ṣì wà fún un lórúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Torí náà, ẹ rí i dájú pé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ti wá gan-an ló wà lórí fọ́ọ̀mù, àní bó bá jẹ́ pé Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì ló ti kàwé.

Ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yàn ló lágbára jù. Ẹ má fi yunifásítì méjì tí èrò ń wọ́ lọ sí ṣe ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í yẹ ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì wò. Kí àlá wà lókè, kí ohun tí ọwọ́ lè tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: yunifásítì ìpínlẹ̀, polí, tàbí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́.

Ọjọ́ ìdánwò

Wákàtí méjì fún ìbéèrè 180: 60 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò fi ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi ronú wá ibi tí àmì wà. Ìdí nìyí tí ìdánwò ìgbáradì tí JAMB fúnra wọn ń ṣe fi dára fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Kò sí fóònù, kò sí aago ọwọ́, kò sí kálíkúlétọ̀. Èyí tí wọn yóò lò wà lójú kọ̀ǹpútà náà.

Bí èsì bá jáde tó sì jọni lójú lódì, kí ọmọ má kàn wọ yàrá lọ sunkún. Lọ́dún 2025, ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló mú kí JAMB wo iṣẹ́ wọn padà. Wọ́n rí i pé àṣìṣe wà ní ibùdó 157 ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, tó ti fìgbà kan ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin, sunkún lójú gbogbo ayé, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Kì í ṣe gbogbo máàkì kékeré ni àṣìṣe o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn JAMB: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sùn lọ

Máàkì tí ìpàdé 2025 fi lélẹ̀ ni 150 fún yunifásítì, 140 fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, 100 fún polí àti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìyẹn kàn ni ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti fi kún un, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹni tó gba 160 tó ń retí Medicine ń retí òjò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ohun mẹ́rin ló kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Èkíní, ìdánwò tàbí àyẹ̀wò ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, tí a mọ̀ sí Post-UTME. Orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbà á kì í pẹ́ parí. Ẹ máa yẹ ìkànnì náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èkejì, gbígbé èsì WAEC tàbí NECO sórí ìkànnì JAMB. Ohun tó gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ bàbá tó pè wá nìyí. Èsì tí kò bá sí níbẹ̀, lójú JAMB, ọmọ náà kò ṣe WAEC rí. Bí wọ́n bá ti gbé e sókè tán, kí ọmọ ṣí ojú ewé rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, CAPS. Láti ọdún 2017 ni gbogbo ìgbaniwọlé ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá mú ọmọ, kò tíì parí. Ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé síbẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Nígbà míì, kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fún un kọ́ ló béèrè. Ẹ fara balẹ̀ rò ó kí ẹ tó gbà tàbí kọ̀, torí ohun tí a bá kọ̀ kì í sábà padà wá.

Ẹ̀kẹrin, àyípadà. Bí máàkì kò bá gbé kọ́ọ̀sì tó wù ú, JAMB máa ń fàyè gba kí ọmọ san owó díẹ̀, kó yí kọ́ọ̀sì tàbí ilé ẹ̀kọ́ padà. Kó ṣe é kí àyè tó kún.

Bí ilẹ̀kùn ńlá bá tì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tó bá wọ Federal Polytechnic Ọ̀fà fún ND, ọdún méjì ni. Bó bá fi máàkì tó dára jáde, ó lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan kó padà wá ṣe HND. NCE náà ń ṣe Direct Entry. Bẹ́ẹ̀ ni IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, àti JUPEB. Fọ́ọ̀mù Direct Entry yàtọ̀ sí ti UTME o, kí ọmọ má gba èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìlera ti ìpínlẹ̀ Kwara tún wà ní Ọ̀fà níbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé. Ọmọ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ fi ọdún mẹ́rin jókòó sílé de Medicine.

Owó ńkọ́?

Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NELFUND, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Kò ní èlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún ní tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni sísan padà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni náà bá ti ríṣẹ́, ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ sì ni. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún, àwọn aládàáni kò sí níbẹ̀. Gbèsè ni, ẹ̀bùn kọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ìwé ìgbaniwọlé máa gbó sínú àpótí.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Kò sẹ́ni tó lè bá yín fi máàkì kún máàkì ní JAMB. Kò sẹ́ni tó ń ta àyè. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ lọ́jọ́ WAEC, èsì tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ lè di ohun tí wọ́n fagi lé, ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ yóò sì bá a lọ. Owó tí ẹ fẹ́ kó fún oníjìbìtì, ẹ fi san owó lẹ́sìnnì.

Ọmọ bàbá tó pè wá níjọ́sí tún JAMB ṣe lọ́dún kejì. Máàkì rẹ̀ kò tó tàkọ́kọ́, 231 ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èsì rẹ̀ wọ orí ìkànnì, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó ṣí i kí òun rí i, kó tún un ṣí lẹ́ẹ̀kejì. Ó wọlé lọ́dún náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ yín báyẹn. Ẹ kò nílò láti mọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣáà béèrè pé: "Ṣé o ti rí i níbẹ̀ fúnra rẹ?"

Ẹ fi àlàyé yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ọmọ ní SS3. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ pè wá lórí ètò, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ wa yóò yege o.